Ẹ̀yìn Gíláàsì Ni Ọ̀gá Wà

Ẹ̀yin ọmọ wa ní Ọjà'ba, ní Bẹẹrẹ, ní Màpó àti ní Bẹ́yẹrúnkà ní Ìbàdàn, ẹ̀yin ni mo kọ ọ̀rọ̀ yìí sí. Bí àgbà bá rí ọmọdé tó ń forí lé ibi tí kò mọ̀, tó sì pa ẹnu mọ́, ẹ̀bi àgbà ni. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ díẹ̀. Bí a bá bi ọ̀pọ̀ nínú yín lónìí pé iṣẹ́ wo lẹ fẹ́ ṣe, ẹ ó ní ẹ fẹ́ wọ tẹlifíṣọ̀n. Iṣẹ́ gidi ni, n kò sọ pé kò dára. Àmọ́ ohun tí ẹ ní lọ́kàn ni pé kí ojú yín hàn, kí wọ́n kùn yín ní àtíkè, kí ará àdúgbò máa nàka sí yín bí ẹ bá ń kọjá. Ẹ kì í bèèrè pé ta ló ń pinnu ojú tó máa hàn. Ta ló ra fíìmù tí ìyá yín ń wò lálẹ́? Ta ló dá iye tí à ń san lóṣù? Ta ló fọwọ́ sí ìwé tí ìkànnì náà fi ń ṣiṣẹ́? Ẹ̀yìn gíláàsì ni ẹni yẹn jókòó sí. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ máa lé.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé iṣẹ́ náà ga ju ọmọ agboolé lọ. Ìlú yìí mọ̀ ọ́n tipẹ́. Ní 1939 ni ìjọba òyìnbó na wáyà rédíò wọ Ìbàdàn, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣe é ní Èkó ní 1935. Àpótí kékeré ni wọ́n ń gbé kọ́ ara ògiri. Wáyà ló ń gbé ohùn wá sínú rẹ̀, ẹni tó bá sì gbà á sílé á máa sanwó. Asọ̀rọ̀mágbèsì làwọn baba wa pè é. Bí ẹ bá wò ó dáadáa, ọ̀nà kan náà ni dikódà inú ilé yín ń gbà pawó lónìí: wọ́n gbé eré àti ìròyìn dé ojúlé, onílé ń sanwó oṣù, iléeṣẹ́ ń fi owó náà jẹun.

Ogún ọdún lẹ́yìn tí wáyà rédíò wọ Ìbàdàn ni àwòrán dé, ìjà ló sì mú un wá. Ní 1953, nígbà tí ọ̀rọ̀ òmìnira da ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin rú ní Èkó, gómìnà òyìnbó, Macpherson, bọ́ sórí rédíò ìjọba, ó di ẹ̀bi ru ẹgbẹ́ Action Group. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, olórí ẹgbẹ́ náà, ní kí wọ́n fún òun náà láàyè kí òun fèsì. Wọn ò gbà. Kò jókòó ti ìbínú náà. Ó wá àṣẹ, ó wá owó, ó sì wá iléeṣẹ́ òyìnbó kan, Overseas Rediffusion, tí wọ́n jọ da òwò pọ̀. Lọ́jọ́ 31 oṣù Kẹwàá 1959, WNTV, tẹlifíṣọ̀n ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn, kí òmìnira tó dé, kí ìjọba àpapọ̀ tó ní tirẹ̀. Ẹ̀rọ méjì ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń ta àwòrán náà ká. Ọ̀kan wà ní Abáfọ́n, orí òkè Màpó ni èkejì wà. Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ ṣe ìyàwó nínú gbọ̀ngán Màpó tí wọ́n ṣí ní 1929, orí òkè yẹn náà ni.

Ẹ fi ojú inú wo ohun tí Awólọ́wọ̀ wá kó tó dé orí òkè náà: àṣẹ, owó, alájọṣe. Kò sí ojú rírẹwà níbẹ̀. Ẹni tó bá ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè gba ojú tó rẹwà síṣẹ́ nígbàkígbà tó bá wù ú.

Ẹ tún wo àwọn tó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Àníkẹ́ Agbájé-Williams ni obìnrin tí wọ́n kọ́kọ́ rí lójú gíláàsì náà, orúkọ rẹ̀ kò sì ní parẹ́. Ẹ wá yẹ àwọn tí wọn ò fi bẹ́ẹ̀ rí wò. Adébáyọ̀ Fálétí, akéwì wa, wà lára àwọn tó ń gé fíìmù, tó sì ń tọ́jú wọn sórí pẹpẹ. Ẹlòmíràn á pè é ní iṣẹ́ inú eruku. Ẹni tó ń tọ́jú fíìmù ló mọ èyí tó wà nílé, ẹni tó bá sì mọ èyí tó wà ló mọ èyí tó kù tí a ó rà. Ọkùnrin yẹn di olùdarí àgbà iléeṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, BCOS. Vincent Maduka kì í ṣe Yorùbá, kì í sì í ṣe ẹni tí ń ka ìròyìn. Ẹnjiníà ni. Ó mọ bí ẹ̀rọ ṣe ń ṣiṣẹ́ àti iye tó ń ná wa, ó di ọ̀gá WNTV, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ sì kó gbogbo tẹlifíṣọ̀n pọ̀ di NTA ní 1977, òun ni wọ́n fi ṣe olùdarí àgbà àkọ́kọ́. Ṣẹ́gun Olúṣọlá tó darí eré àkọ́kọ́ tí Wọlé Ṣóyínká kọ fún WNTV ní 1960, ẹ̀yìn kámẹ́rà lòun náà dúró sí. Òun ló dá The Village Headmaster sílẹ̀, eré tí gbogbo Nàìjíríà wò fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Kí wá ni ọ̀gá ìkànnì ń ṣe gan-an? Ó ní láti gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ NBC, àjọ tó ń ṣàkóso rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, kó sì mọ òfin wọn dénú, nítorí ọ̀rọ̀ kan tó bá já bọ́ lẹ́nu atọ́kùn ètò lálẹ́ lè di owó ìtanràn tó bá dàárọ̀. Ó ní láti ra ètò: fíìmù, bọ́ọ̀lù, ìròyìn, eré ọmọdé. Bọ́ọ̀lù òkè òkun àti àyè tí wọ́n ń yá lórí sátẹ́láìtì, dọ́là ni wọ́n fi ń ra wọ́n, bẹ́ẹ̀ náírà ni ará Bẹẹrẹ fi ń sanwó oṣù. Nígbà tí ìjọba tú náírà sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà 2023, tí dọ́là fò sókè, ẹni tó ti tọwọ́ bọ àdéhùn ọlọ́dún mẹ́ta ní dọ́là kò lè padà lọ bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n dín in kù. Ó gbọ́dọ̀ wá owó náà. Ọ̀gá ìkànnì tí kò lè ṣírò èyí lórí tákàdá kan kí ó tó fọwọ́ sí ìwé, olóògbé ni lórí àga.

Lẹ́yìn èyí, ó gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó ń wò ó. Ibí yìí ni ẹ̀yin ọmọ Ìbàdàn àtijọ́ ti ní ohun tí wọn kì í kọ́ni nílé ẹ̀kọ́. Ọjà alẹ́ ni Ọjà'ba. Ìyá tó bá pàtẹ síbẹ̀ kì í kúrò lójú títì nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ti ń jẹun alẹ́. Bí ẹ bá gbé eré tó dára jù lọ sí aago méje, ìyá náà kò ní bá a, ilé rẹ̀ kò sì ní rí ìdí tí wọ́n á fi san owó oṣù tó ń bọ̀. Ọ̀gá tó ń gbé ní Èkó tàbí ní Johannesburg kò mọ èyí àfi bí ẹnìkan bá sọ fún un. Ẹ̀yin mọ̀ ọ́n láti kékeré. Ẹ mọ ìgbà tí àdúgbò ń sùn, ẹ mọ eré tí àwọn ìyá ń fi ṣẹ̀fẹ̀ lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ mọ òwe tó máa pa wọ́n lẹ́rìn-ín àti èyí tó máa bí wọn nínú. Ọjà ni ìmọ̀ yẹn. Ẹ má tà á lọ́pọ̀.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti ìjọba nìkan mọ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún títí di 1992, ìjọba nìkan ló ní tẹlifíṣọ̀n ní Nàìjíríà. Òfin kejìdínlógójì ọdún yẹn ló dá àjọ NBC sílẹ̀, tó sì ṣí ilẹ̀kùn fún aládàáni. Ọ̀kan nínú àwọn tó gba ẹnu ọ̀nà náà wọlé ni Raymond Dokpesi, ọmọ Agenebode ní ìpínlẹ̀ Ẹdó, ṣùgbọ́n Ìbàdàn yìí ni wọ́n ti bí i ní 1951. Ìmọ̀ ọkọ̀ ojú omi ló lọ kọ́ ní Poland. Kò mú ìyẹn ṣe àwáwí. Ó dá rédíò Raypower sílẹ̀ ní 1994, ó sì dá tẹlifíṣọ̀n AIT sílẹ̀ ní 1996, ó gbé e sórí sátẹ́láìtì kí àwọn ará òkè òkun náà lè rí i. Ní ilé wa níbí, lórí Òkè Ààrẹ, Galaxy Tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ ní 1994, ó wà lára àwọn tẹlifíṣọ̀n aládàáni àkọ́kọ́. Láti Bẹ́yẹrúnkà, èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn débẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti obìnrin kan fún yín, pàápàá ẹ̀yin ọmọbìnrin tí wọ́n ń sọ fún pé ẹwà yín nìkan ni tẹlifíṣọ̀n ń fẹ́. Bíọ́lá Alábí ni orúkọ rẹ̀. Ó ti ṣiṣẹ́ ní New York, níléeṣẹ́ tó ń ṣe Sesame Street, eré tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ìwé kíkà. Ibẹ̀ ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé eré kan láti ilẹ̀ kan lọ sí òmíràn, tí àwọn ará ibẹ̀ á fi rò pé tiwọn ni. Nígbà tó padà wá sí Áfíríkà láti darí M-Net Africa, iléeṣẹ́ tó ni ìkànnì Africa Magic, ìkànnì náà ti wà nílẹ̀ láti 2003, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ló gbilẹ̀ níbẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti dá ìkànnì Yorùbá sílẹ̀ ní 2010, tí èdè Haúsá náà sì ní tirẹ̀. Ní 2013 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ AMVCA, ayẹyẹ àmì ẹ̀yẹ fún fíìmù àti òṣèré, tí àwọn olùwòran náà sì ń dìbò nínú apá kan rẹ̀. Kì í ṣe ojú rẹ̀ ni ẹ máa ń rí nínú àwọn fíìmù orí ìkànnì náà, síbẹ̀ gbogbo òṣèré Yorùbá tí iṣẹ́ rẹ̀ bọ́ sórí rẹ̀ jẹ nínú ìpinnu tí wọ́n ṣe nígbà tirẹ̀. Nígbà tó kúrò, ó dá iléeṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ó sì ń ṣe fíìmù.

Ṣé ẹ rí i? Ohun tí òyìnbó àti ọmọ ilé ìwé ńlá ń pè ní èdè ìta, òun ni iléeṣẹ́ ńlá wá fowó lé. Kò sí ẹni tó máa ṣe ìkànnì Yorùbá láìsí ẹni tó gbọ́ Yorùbá dé ìsàlẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń tijú láti sọ ẹ̀ka èdè Ìbàdàn yín níwájú àlejò, ẹ ń tijú ohun tí wọ́n ń wá kiri.

Ẹni tó bá jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ìyókù lọ́gbọ́n. Ní 2007, agbẹjọ́rò kan, Tóyìn Ṣúbáìrù, gbé HiTV, tẹlifíṣọ̀n onídikódà, kalẹ̀ ní Nàìjíríà. Òun ló gba ẹ̀tọ́ láti máa fi bọ́ọ̀lù líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì hàn fún sáà mẹ́ta. Ẹ ò lè mọ bí inú wa ti dùn tó. Ọmọ tiwa ló gba ẹran lẹ́nu kìnnìún. Gbogbo ilé ìwòran bọ́ọ̀lù ló ra dikódà tuntun. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ tó máa parí. Nígbà tó di 2010, kò sí lọ́wọ́ wọn mọ́. Àwọn tó torí bọ́ọ̀lù wá kó dikódà wọn jù sábẹ́ ibùsùn. Ní 2011, HiTV kógbá sílé. N kò sọ èyí láti fi ẹnikẹ́ni ṣẹ̀sín. Ẹni tó dán irú rẹ̀ wò sàn ju ẹgbẹ̀rún tó jókòó tó ń yọ ṣùtì. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé kí a má fi gbogbo ilé ró lórí òpó kan tí a yá. Bọ́ọ̀lù a máa kó èrò wá, ohun tó bá jẹ́ tiwa ló máa dá wọn dúró: fíìmù tiwa, ìròyìn àdúgbò, ètò ọmọdé, ohun tí ẹlòmíràn kò lè wá gbà lọ́dún mẹ́ta sí i.

Owó tẹlifíṣọ̀n onídikódà dà bí owó alájọ tó ń lọ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀ ní Ọjà'ba. Kò sí ẹyọ owó kan níbẹ̀ tó tóbi, púpọ̀ tí wọ́n pọ̀ ló sọ wọ́n di ńlá. Ọjọ́ tí àwọn ìyá náà bá fura pé alájọ ń fi wọ́n ṣeré, tí wọ́n bá rọra ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò ní gbọ́ ariwo kankan, káàdì rẹ̀ ló máa ṣófo. Ní oṣù Kẹta 2025, iléeṣẹ́ dikódà DStv gbé owó oṣù ètò wọn tó ń jẹ́ Compact láti ₦15,700 sí ₦19,000. Wọ́n ní dọ́là àti owó ọjà ló fà á, òótọ́ ló sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ta ẹ̀wà ní Bẹẹrẹ kò sí nínú ìpàdé tí wọ́n ti sọ ọ́. Ó wo owó ilé ìwé ọmọ, ó wo owó epo jẹnẹrétọ̀, ó sì fi dikódà sílẹ̀ kó máa kó eruku. Ẹ̀yin tí ẹ ó bá di ọ̀gá, ẹ rántí ẹlẹ́wà yẹn nígbà tí ẹ bá ń dá iye.

Àwọn kan láàárín yín ti rí ọ̀nà àbùjá. Wọ́n ra dikódà kan ṣoṣo, wọ́n na wáyà láti òrùlé dé òrùlé, wọ́n ń gba owó kékeré lọ́wọ́ ojúlé kọ̀ọ̀kan. Mo mọ̀ pé ọgbọ́n ni, mo sì mọ̀ pé ẹni tó lè ṣe é lè ṣe ohun tó ju bẹ́ẹ̀ lọ: ó mọ ẹ̀rọ, ó mọ oníbàárà, ó ń gbowó déédéé. Ṣùgbọ́n olè ni. Ohun tí a tà tí kì í ṣe tiwa, a kò lè fi ṣe ìwé, a kò lè fi í yáwó ní báńkì, a kò lè fi í sílẹ̀ fún ọmọ. Ọjọ́ tí àwọn agbófinró bá dé, wáyà ni wọ́n á kọ́kọ́ fà. Ẹ lọ gba iṣẹ́ aṣojú lọ́wọ́ iléeṣẹ́ dikódà, kí ẹ máa gbé díìṣì kọ́ fún èèyàn, kí ẹ máa gba ìdá tiyín nínú owó tó bá wọlé. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ tó sì ń kọ ìwé sílẹ̀, yóò mọ oníbàárà ju ọ̀gá tó wà ní Èkó lọ.

Mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ ìwé àdéhùn yé yín. Láyé fídíò kásẹ́ẹ̀tì, ọ̀pọ̀ òṣèré wa ló ta fíìmù wọn pátápátá fún mákẹ́tà, wọ́n gba owó lẹ́ẹ̀kan, wọ́n fi ra aṣọ òde. Ìkànnì kì í sábà ra fíìmù bẹ́ẹ̀. Ẹ̀tọ́ láti fi í hàn ló ń rà, ẹ̀tọ́ náà sì ní ààlà. Ọdún mélòó? Ìgbà mélòó ni wọ́n lè fi í hàn? Nàìjíríà nìkan ni àbí gbogbo Áfíríkà? Ṣé wọ́n lè gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú? Ìgbà wo ni owó máa wọlé, kí ló sì máa ṣẹlẹ̀ bí kò bá wọlé? Ẹni tí ìwé fíìmù bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ìkànnì máa sanwó fún, ìbáà jẹ́ pé kò mọ ibi tí wọ́n ti ya fíìmù náà. Mo ti rí àgbà òṣèré tó ń wo ara rẹ̀ lórí ìkànnì lálẹ́, tí kò sì rí owó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rà láàárọ̀. Ìfọwọ́sí kan tí kò kà ló fà á.

Ayé tún ti ń yí. Àwọn aṣefíìmù Yorùbá ti ń gbé iṣẹ́ wọn lọ tààrà sórí YouTube, ẹni tó bá ní fóònù á wò ó láìní díìṣì. Ní 2025, Canal+ ti ilẹ̀ Faransé gba MultiChoice tó ni DStv. Orúkọ ara pátákó yóò máa yí, iṣẹ́ inú rẹ̀ kò yí. Ẹni tó bá ń darí ìkànnì YouTube, àṣẹ ló ní láti mọ̀, ẹ̀tọ́ ló ní láti rà, owó ló ní láti ṣírò, olùwòran ló ní láti mọ̀. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ èyí pẹ̀lú fóònù kan ní Màpó, kí ẹ sì ní ìwé ìṣirò yín lọ́tọ̀, kí ẹ máa kọ ohun tó wọlé àti ohun tó jáde.

Fún ẹni tó bá fẹ́ gba ọ̀nà ilé ìwé, ilé wa kò ṣófo. Yunifásítì Ìbàdàn ní ẹ̀ka ìbánisọ̀rọ̀ àti iṣẹ́ ọnà èdè, Pólì Ìbàdàn ń kọ́ni ní iṣẹ́ ìròyìn, NTA ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tirẹ̀ ní Jos. Kí ẹ máa kọ́ ìṣirò owó àti òfin díẹ̀ mọ́ ọn, ìbáà jẹ́ ní alẹ́. Bí wọ́n bá gbà yín fún ìkọ́ṣẹ́ ní Ilé Akéde tí BCOS wà, ní Òríta Bàṣọ̀run, tàbí ní NTA ní Agodi, ẹ má máa sáré sí yàrá ìròyìn nìkan. Ẹ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ta ìpolówó. Ẹ jókòó ti ẹni tó ń to ètò ọ̀sẹ̀. Ẹ bá àwọn ẹnjiníà gbé wáyà. Ẹ béèrè iye tí ohun kọ̀ọ̀kan jẹ́. Ẹ tètè dé, nítorí tẹlifíṣọ̀n kì í dúró de ẹni tó bá sùn jù. Ẹ bọ̀wọ̀ fún ẹni tó ń gbálẹ̀ àti ẹni tó ń wakọ̀, àwọn ló mọ ohun tó ń lọ nínú ilé iṣẹ́.

Èyí tó kù kò gùn. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé ìwé àdéhùn síwájú yín, ìbáà jẹ́ ẹ̀gbọ́n, ìbáà jẹ́ ọ̀gá, ẹ kà á tán kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Bí kò bá yé yín, ẹ gbé e lọ fún agbẹjọ́rò kí ó túmọ̀ rẹ̀ fún yín. Bí ẹni tó gbé e wá bá ní kò sí àyè fún ìyẹn, ẹ dá ìwé rẹ̀ padà fún un.